Àwọn Tó Kọ́kọ́ Sun Igbó ní Creekmouth

Ọwọ́ Gbádégẹṣin rọ̀ lórí katapílà. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni, ọmọ Ìgbòho ní Òkè-Ògùn, ó sì ti lé ní ogún ọdún tó ti ń fi ẹ̀rọ ńlá náà walẹ̀ káàkiri Barking àti Dagenham, ní ìpẹ̀kun ìlà-oòrùn London. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń fi í ṣàwàdà pé bí wọ́n bá gbé ẹyin sísè síwájú rẹ̀, yóò fi irin katapílà bó èèpo rẹ̀ láìha funfun inú rẹ̀ lára. Nítorí ọwọ́ yìí ni àwọn awalẹ̀pìtàn ṣe béèrè fún un ní oṣù kẹrin, nígbà tí wọ́n fẹ́ yẹ ilẹ̀ kan wò ní Creekmouth, níbi tí odò Roding ti ń ṣàn wọ inú Thames. Ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Kí wọ́n tó da kọnkéré lé ilẹ̀ náà, òfin ní kí wọ́n kọ́kọ́ wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Kò ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Níbi iṣẹ́ yòókù, kíákíá ni wọ́n ń fẹ́. Níbí, díẹ̀díẹ̀ ni. Yóò tẹ ọwọ́ irin náà lé ilẹ̀, yóò họ ọ́ ní ìwọ̀n ìka méjì, yóò sì dúró. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan á máa rìn níwájú rẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ ọsàn, ojú rẹ̀ kì í kúrò nílẹ̀. Bó bá nawọ́ sókè, kí katapílà dúró nìyẹn. Bó bá ju ọwọ́, kó máa bọ̀.

Tiwaladé lorúkọ ọmọbìnrin náà. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, Barking ni wọ́n bí i sí, kò sì tíì ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ tó ti dé Nàìjíríà. Yorùbá tó gbọ́ kò ju ti ilé ìdáná ìyá rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kì í tì í lójú láti sọ ọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó rí Gbádégẹṣin, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Uncle." Àwọn òyìnbó tó wà nítòsí rò pé nǹkan ló já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó fẹ́ mú.

Ọ̀gá gbogbo wọn ni Lazarus, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, tí kì í pariwo, tó ti fi ọgbọ̀n ọdún walẹ̀ lẹ́bàá Thames.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá. Wọ́n rí bíríkì, wọ́n rí ìgò, wọ́n rí bàtà awọ kan tí ẹnì kan ti wọ̀ títí ìdí rẹ̀ fi lu. Nísàlẹ̀ ìyẹn, ẹrẹ̀ dúdú ni, ó nípọn ju ènìyàn lọ, ìtì igi ńláńlá sì wà nínú rẹ̀ tí èèpo wọn kò tíì bó. Tiwaladé ṣàlàyé fún un pé igbó ni gbogbo ibẹ̀ nígbà kan. Thames kò fẹ̀ tó báyìí, òkun sì jìnnà réré. Nígbà tó yá ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè wá láti ọdún dé ọdún, títí ó fi ri igbó náà mọ́lẹ̀ pátápátá.

"Ṣé ènìyàn wà nínú igbó náà?" Gbádégẹṣin bi í.

"Ó yẹ kí wọ́n wà, Uncle. Before anybody started farming. Àwọn tó jẹ́ pé ẹran ni wọ́n ń pa, èso ni wọ́n ń já. Ṣùgbọ́n a ò tíì rí àmì wọn kankan, àkókò sì ti ń lọ."

Lóòótọ́ ni. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́rin péré ló kù kí wọ́n dá ilẹ̀ náà padà fún àwọn tó ni ín.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Gbádégẹṣin ń họ ìsàlẹ̀ kòtò kan ní apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà, níbi tí ẹrẹ̀ dúdú ti tán tí iyanrìn pupa rẹ́súrẹ́sú sì bẹ̀rẹ̀. Ó rí ilà dúdú kan nínú iyanrìn náà, tín-ín-rín bí okùn. Ó tún họ díẹ̀, ó rí òmíràn. Kò dúró de ọwọ́ Tiwaladé. Òun fúnra rẹ̀ ló pa ẹ́ńjìnnì, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò kan ilà kejì, ó fi ra ìka, ó sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀.

"Èédú ni," ó ní. "Èédú koríko ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ti igi kò pọ̀."

Wọ́n jọ fi omi wẹ ẹ̀gbẹ́ kòtò náà. Ilà márùn-ún ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì, iyanrìn díẹ̀díẹ̀ láàárín wọn. Wọ́n ké sí Lazarus. Lazarus bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó dáadáa, ó ya fọ́tò, ó sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé iná jó igbó náà. Bóyá àrá ló fà á, nítorí irú rẹ̀ wọ́pọ̀, kò sì sí ohun èlò kankan láàárín rẹ̀ tó fi hàn pé ọwọ́ ènìyàn ló dá a. Ó sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́, ó sì padà sí ọ́fíìsì onípákó rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jókòó láti mu tíì, Gbádégẹṣin gbé kọ́ọ̀bù rẹ̀ kalẹ̀.

"Tiwa, ẹ̀ẹ̀melòó ni àrá lè sán sí ojú kan náà?"

"Kí lẹ rí, Uncle?"

"Iná tí àrá bá dá, igi ló máa ń mú. Á jó igbó dórí. Èyí tí mo rí yìí, iná kékeré ni. Ìsàlẹ̀ ló jó. Ó jó, ó kú, koríko hù, wọ́n tún sun ún. Bàbá mi á sọ fún ọ."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí láti ìgbà tó ti dé ìlú òyìnbó, nítorí kò sẹ́ni tó bi í. Ọdẹ ni bàbá rẹ̀ ní Ìgbòho, ìbọn ṣakabùlà ló ń lò. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tí koríko ọ̀dàn ń gbẹ ṣùgbọ́n tí ìdí rẹ̀ ṣì tutù, àwọn ọdẹ á jọ sọ̀rọ̀, wọn á sì yan apá kan nínú ọ̀dàn. Wọn á sun ún ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí atẹ́gùn bá ti rọlẹ̀, kí iná má baà wọ igbó igi. Kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé, koríko tútù á ti rú jáde lórí eérú náà, rírọ̀, dídùn, nígbà tí gbogbo ibi yòókù bá gbẹ bí ìgbálẹ̀. Kò sí ìgalà tàbí àgbọ̀nrín tó lè rí ewé bẹ́ẹ̀ kó kọjá lọ.

"Ẹran kì í ṣàdéédé wá bá wa," ni Gbádégẹṣin wí. "Àwa la gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún un. Lọ́dún tó ń bọ̀, wọn á sun apá ibòmíràn, kí ibi àkọ́kọ́ lè sinmi. Ọdẹ tí kò bá tún igbó rẹ̀ ṣe, ebi ni yóò pa á."

Tiwaladé ti gbàgbé tíì rẹ̀. "Uncle, ẹ mọ̀ pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti ń jiyàn lórí nǹkan yìí láti ọjọ́ pípẹ́? Àwọn kan ní àwọn ènìyàn ìgbà yẹn ò fọwọ́ kan nǹkan kan, they just lived off the land. Àwọn kan ní rárá, wọ́n ń fi iná tún un ṣe."

"Àwọn tó ní wọn ò fọwọ́ kan nǹkan kan yẹn, ṣé wọ́n ti gbé inú ìgbẹ́ rí?"

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ yí padà, bíi ti ẹni tó fẹ́ béèrè ohun tó wúwo. "Tó bá jẹ́ bàbá yín ló sun ibí yìí, níbo ló máa pàgọ́ sí?"

Gbádégẹṣin gun orí katapílà, ó dúró, ó sì wo yíká. Ní ìwọ̀-oòrùn, omi Roding wà lẹ́yìn ògiri tí wọ́n fi ń dá ìkún omi dúró. Àpótí irin ńláńlá tí wọ́n fi ń kó ẹrù wá láti òkè òkun wà lórí ara wọn bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ọkọ̀ kọnkéré ń lọ, ọkọ̀ ìdọ̀tí ń bọ̀. Ó gbìyànjú láti fi ojú inú kó wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan: kó àpótí lọ, kó ògiri lọ, kó omi pàápàá lọ. Tiwaladé ń ràn án lọ́wọ́ láti ìsàlẹ̀, ó ń fi máàpù tí wọ́n yà nígbà tí wọ́n gbẹ́ ihò wẹ́wẹ́ sí ilẹ̀ náà sọ ohun tó wà lábẹ́ ẹrẹ̀ fún un. Gegele kan wà ní apá ìlà-oòrùn, kò ga púpọ̀, òkúta wẹ́wẹ́ ni gbogbo ara rẹ̀. Odò kékeré kan ti ṣàn kọjá ní ẹsẹ̀ rẹ̀, láàárín rẹ̀ àti ibi tí iná ti jó, kó tó di pé ẹrẹ̀ kún un.

"Orí gegele yẹn," ni Gbádégẹṣin wí. "Kí wọ́n lè máa rí ẹran lókèèrè."

Lazarus gbọ́ ọ, ó ronú díẹ̀, ó sì gbà pé kí wọ́n gbẹ́ kòtò kan péré. Wọ́n fi gbogbo ọjọ́ Ẹtì gbẹ́ ẹ. Títí di aago mẹ́ta ọ̀sán, iyanrìn mímọ́ àti òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń rí. Kò sí èédú, kò sí eegun, kò sí ohunkóhun.

"Ó dára pé a ti wò ó," ni Lazarus wí, ó sì fọwọ́ kàn án léjìká. Bí ọ̀gá náà ṣe fi pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ yìí ló jẹ́ kí ojú ti Gbádégẹṣin.

Ó délé ní Goresbrook pẹ̀lú ojú tó rọ̀. Abímbọ́lá ìyàwó rẹ̀, tó ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé ìtọ́jú kan ní Dagenham, ti dé ṣáájú rẹ̀, ó sì ti ro ẹ̀bà kalẹ̀. Ó jẹ́ kó jẹ òkèlè mélòó kan kó tó bi í ní ohun tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ọ tán, ó nu ọwọ́.

"Bàbá Mìdé, ẹ má bínú o. Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ bá Bàbá sun oko ọdẹ?"

Gbádégẹṣin kà á lọ́kàn. Ilé ẹ̀kọ́ ló ń lọ nígbà náà, ní Ṣakí. "Ẹ̀ẹ̀mejì."

"Ẹ̀gbọ́n yín obìnrin ńkọ́?"

"Ọdọọdún ni tiwọn."

"Kí lẹ wá ń dúró dè?"

Ní àárọ̀ Sátidé, ó pe Oyèyẹmí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ní Ìgbòho. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni màmá náà, ohùn rẹ̀ sì le ketekete lórí fóònù. Nígbà tí ìyá wọn ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́, òun ni bàbá wọn máa ń mú lọ sí ìgbẹ́ nígbà ẹ̀rùn, láti máa gbọ́únjẹ fún àwọn ọdẹ, kó máa pọnmi, kó sì máa ṣọ́ ẹran tó wà lórí ààrò.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti kíra wọn, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti bi í léèrè Mìdé, tó ti bi í léèrè Abímbọ́lá, tó ti bi í bóyá òtútù ti dínkù, Gbádégẹṣin ro ẹjọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́.

"Àjàní, orí òkè kẹ̀? Kí ẹran lè máa wò yín bí ẹni ń wo àsíá?"

"Ṣebí wọ́n máa ń gun òkè, Ẹ̀gbọ́n mi. Mo rí wọn."

"Wọ́n máa ń gùn ún. Wọn á lọ, wọn á wò, wọn á sọ̀ kalẹ̀. Ìyẹn ni ìwọ rí. Níbo ni wọ́n ń sùn sí? Ta ló ń pọn omi tí wọ́n ń mu? Èmi Oyèyẹmí, n kò gbé omi gun òkè kankan rí láyé mi."

"Níbo wá ni?"

"Ẹsẹ̀ òkè. Níbi tí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, tó o lè gbọ́ ìró omi ṣùgbọ́n tí omi ò ní rin ẹní rẹ. Ẹ ò gbọdọ̀ sún mọ́ etí odò jù, ẹ̀fọn á gbé yín, ẹran á sì bẹ̀rù àtimu omi. Kí atẹ́gùn máa ti ọ̀dọ̀ ẹran wá sọ́dọ̀ yín, kí wọ́n má baà gbóòórùn èéfín. Kí igi gbígbẹ má jìnnà. Ṣé o rántí Ibi Ẹfọ̀n Yí Sí?"

Gbádégẹṣin kò rántí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe dárúkọ rẹ̀, ó rántí. Màmá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ wọn bọ̀, bí ẹni ń rìn ín lọ: Ibi Ẹfọ̀n Yí Sí, Àpáta Olóyin, Omi Adígun, Ibi Tí Bàbá Gbàgbé Ọ̀bẹ, Ìdí Igi Méjì. Kò sí ibi tí ẹsẹ̀ wọn tẹ̀ nínú igbó yẹn tí kò lórúkọ.

"Nítorí kí ni wọ́n ṣe ń sọ gbogbo rẹ̀ lórúkọ?" ó bi í.

"Báwo lèèyàn ṣe máa sọ fún ẹlòmíì ibi tí omi wà? Ibi tí kò bá lórúkọ, a ò tíì débẹ̀ nìyẹn."

Nígbà tó gbé fóònù kalẹ̀, Gbádégẹṣin jókòó fún ìgbà díẹ̀. Ogún ọdún ó lé tó ti ń gbé níbí, nọ́ńbà bọ́ọ̀sì àti ibùdókọ̀ ló fi mọ gbogbo àdúgbò náà. Kò mọ ibi tí ilẹ̀ ti ga tàbí ibi tó ti rẹlẹ̀, àfi nígbà tí wọ́n bá ní kó lọ wa ibẹ̀. Kò dùn ún; ó kàn yà á lẹ́nu ni.

Ní ọjọ́ Ajé, ó dé Creekmouth kí aago mẹ́fà àbọ̀ tó lù. Òun àti Tiwaladé wo máàpù náà papọ̀, wọ́n wá ẹsẹ̀ gegele, wọ́n wá ibi tí odò kékeré náà ti yà, wọ́n sì rí i pé ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ júwe wà lábẹ́ òkìtì yẹ̀pẹ̀ ńlá. Òun fúnra rẹ̀ ló da òkìtì náà síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ló fi ń kó yẹ̀pẹ̀ jọ lé e lórí.

"Mo mọ̀ pé mo ti ṣì í lẹ́ẹ̀kan," ó sọ fún Lazarus. "Ẹni tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ ló sọ èyí fún mi."

"Ta ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Òun ló ń pọnmi."

Lazarus wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó wo òkìtì náà. Bóyá ẹ̀rín tó ń ta ní igun ẹnu Tiwaladé ló ràn án lọ́wọ́, Gbádégẹṣin kò mọ̀. "Bó o bá lè kó o kúrò kó tó di ọ̀sán," ni ọ̀gá náà wí, "a ó wò ó."

Gbádégẹṣin kó o. Láti ọdún tó ti ń wa katapílà, kò tíì ṣiṣẹ́ báyìí rí. Kò yára ju bó ti yẹ lọ, kò sì sinmi. Aago mọ́kànlá àbọ̀ lù, ilẹ̀ ti mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ ọ́, Tiwaladé níwájú rẹ̀. Wọ́n kọjá bíríkì, wọ́n kọjá amọ̀, wọ́n kọjá ẹrẹ̀ dúdú, tí kò nípọn níbẹ̀ rárá nítorí ẹsẹ̀ òkè ni. Wọ́n kan iyanrìn.

Ó ku díẹ̀ kí aago méjì lù nígbà tí ọmọbìnrin náà nawọ́ sókè.

Kò pariwo. Ó kúnlẹ̀, ó mú irin pẹlẹbẹ ọwọ́ rẹ̀, ó ń họ ọ́ bí ẹni ń họ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Iyanrìn ibẹ̀ ti pọ́n bí amọ̀ tí wọ́n sun. Èédú wà láàárín rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ èédú náà, èèpo èso kan pọ̀ bí èèpo ẹ̀pà níbi ìpàdé, wọ́n le, wọ́n jóná dúdú: èso igi hazel, tí wọ́n máa ń yan kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Nígbà náà ni ó fi ìka méjì mú nǹkan kan jáde, ó nù ún mọ́ aṣọ rẹ̀, ó sì gbé e fún Gbádégẹṣin.

Òkúta tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, kò gùn ju ìka ọmọdé lọ, ó ń dán. Gbádégẹṣin fi àtàǹpàkò tọ́ etí rẹ̀ wò. Ó mú bí abẹ.

"Òkúta ìbọn ni," ó ní.

"Flint," ni Tiwaladé dáhùn.

"Irú èyí ló wà lẹ́nu ṣakabùlà bàbá mi. Òun ló ń ṣáná fún un." Ó yí i padà sí ìmọ́lẹ̀. Gbogbo bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà tó ń fi sùúrù yan òkúta sẹ́nu ìbọn ló padà wá sí i lójú.

Lazarus sáré wá, ẹni tí kì í sáré. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti rí ju igba òkúta wẹ́wẹ́ lọ, àwọn èérún tó ń fò jáde nígbà tí ènìyàn bá ń gbẹ́ òkúta. Èyí tó mú kí gbogbo wọn péjọ síbẹ̀ ni bí àwọn èérún náà ṣe wà nílẹ̀. Wọ́n fọ́n ká ní ọ̀nà méjì, bí apá tó ṣí sílẹ̀, àárín wọn sì mọ́ láìsí ẹyọ kan. Ẹnì kan ti jókòó síbẹ̀, ó na ẹsẹ̀, ó ń gbẹ́ òkúta rẹ̀, èérún sì ń bọ́ sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀. Nígbà tó dìde, ó lọ ní tirẹ̀. Ó ti tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ọdún, ni Lazarus wí, títí tí àwọn tó ń yẹ èédú wò yóò fi sọ iye rẹ̀ gan-an.

Gbádégẹṣin lóṣòó lẹ́yìn ibi tó mọ́ náà, ó sì wo ibi tí ẹni náà ti kọjú sí. Ojú rẹ̀ ré odò kékeré tí kò sí mọ́ kọjá, ó bọ́ sórí ibi tí iná ti jó ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Atẹ́gùn ń ti Roding bọ̀, ó ń fẹ́ sí i lójú.

"Kò dáná sun koríko kó wá sá lọ," ó sọ fún Tiwaladé. "Ó jókòó dè é. Ó mọ ohun tó máa hù."

Àwọn tó ni ilẹ̀ náà fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan sí i, ọ̀sẹ̀ kan náà sì tó. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣí ẹnu ọ̀nà fún ará ìlú. Ìjọ Kérúbù àti Séráfù tí Gbádégẹṣin ń lọ kò jìnnà síbẹ̀, inú ọ̀kan nínú àwọn ilé ìkẹ́rùsí àdúgbò náà ni wọ́n ti ń jọ́sìn. Bí ìsìn ti parí, ìdajì ìjọ rìn wá. Wọ́n fún wọn ní bàtà rọ́bà, wọ́n sì wọ̀ ọ́ sábẹ́ aṣọ àdúrà funfun wọn, wọ́n ká etí aṣọ sókè kí ẹrẹ̀ má baà tà á. Tiwaladé ló ń ṣàlàyé, ó ń fi Yorùbá sọ èyí tó bá lè fi sọ, ó sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì parí ìyókù.

Arákùnrin Godswill, akọ̀wé ìjọ, bi Gbádégẹṣin ní kọ̀rọ̀ bóyá àwọn ènìyàn yìí ti wà kí Ádámù tó wà.

"Èmi ò mọ ti Ádámù," ó dá a lóhùn. "Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọ́n gbọ́n."

Abímbọ́lá dúró pẹ́ lẹ́bàá ààrò náà, níbi tí iná ti sun iyanrìn, ju gbogbo ènìyàn lọ. Ó ń wo àwọn èèpo èso tí wọ́n ṣì fi sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti rí wọn.

"Ọmọ mi," ó sọ fún Tiwaladé, "apá kan ṣoṣo ni gbogbo èèpo yìí wà. Tó bá jẹ́ pé wọ́n kàn ń jù ú ni, á fọ́n káàkiri. Ẹnì kan gbá ibẹ̀."

Tiwaladé wò ó. Ó wo èèpo. Ó mú ìwé rẹ̀ jáde, ó sì kọ ọ́ sínú rẹ̀, ó bi í bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀.

Nígbà tí àwọn èrò ti lọ tán, òun àti Gbádégẹṣin jókòó lórí pákó ní etí kòtò. Ọmọbìnrin náà ń fi igi họ ẹrẹ̀ kúrò lára bàtà rẹ̀.

"Uncle, ibí ni mo dàgbà sí. Tí wọ́n bá ní ká lọ wo ìtàn nílé ẹ̀kọ́, inú London ni wọ́n ń kó wa lọ. Nobody ever brought us here. Mo rò pé kò sẹ́ni tó fẹ́ràn ibí rí. Mo rò pé wọ́n kàn máa ń ṣìnà débí ni."

"Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni wọ́n padà wá."

Tiwaladé mi orí. "Nọ́ńbà la fún kòtò yìí. Mẹ́rìndínlógún. Kí ni àwọn bàbá yín ìbá pè é?"

"Ẹni tó rí i ló ń sọ ọ́ lórúkọ. Ìwọ lo nawọ́ sókè."

Ọmọbìnrin náà ronú pẹ́. Ó wá ọ̀rọ̀ nínú Yorùbá kékeré tó ní, bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò. "Ibi Tí Wọ́n Jókòó," ó ní níkẹyìn. "Ṣé ó dáa?"

"Ó dáa gan-an."

Ìwé tí Lazarus kọ ránṣẹ́ sí àwọn alákòóso ìlú gbé nọ́ńbà náà, bí òfin ti wí. Ṣùgbọ́n ó kọ orúkọ náà sábẹ́ nọ́ńbà, ó sì pe Gbádégẹṣin wọ ọ́fíìsì rẹ̀ kó wá bá a wo àmì orí àwọn lẹ́tà, kó má baà ṣì í kọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n tún un ṣe. Nígbà tí Oyèyẹmí gbọ́ ọ lórí fóònù, kò fi bẹ́ẹ̀ yà á lẹ́nu. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá odò náà lẹ́ja, àti irú ẹran tí wọ́n pa. Gbádégẹṣin sọ fún un pé Lazarus ní àgbọ̀nrín ni àwọn ènìyàn ìgbà yẹn máa ń pa, pẹ̀lú ìmàdò, àti irú màlúù igbó kan tó ga ju ènìyàn lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ó dáa, pé wọ́n jẹun dáadáa nìyẹn.

Gbádégẹṣin náà ló dí kòtò ọ̀hún. Wọ́n ti kó gbogbo òkúta àti èédú lọ nínú àpótí, wọ́n ti ya ibi gbogbo, kò sì sí ohun tó kù níbẹ̀ ju iyanrìn lọ. Ó rò pé inú òun máa bàjẹ́, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ó da ilẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, iyanrìn lákọ̀ọ́kọ́, ẹrẹ̀ dúdú lé e, amọ̀ lé e, bó ṣe bá a. Kò sẹ́ni tó ní kó tò ó bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ, wọ́n tún béèrè fún un, ní Rush Green, níbi tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé tuntun sí pápá kan. Tiwaladé ló dárúkọ rẹ̀. Ọjọ́ tó débẹ̀, oòrùn ti ràn, ìrì ṣì wà lórí koríko, ọmọbìnrin náà sì ti dúró nínú aṣọ ọsàn rẹ̀, ó ń dúró kó tan ẹ́ńjìnnì.

"Fún mi níṣẹ́jú mélòó kan," ni Gbádégẹṣin wí.

Ó fi katapílà sílẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ rin pápá náà láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì. Ó rọra ń rìn, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn, ó ń wo ibi tí ilẹ̀ ti dà, ibi tí òjò bá rọ̀ tí omi yóò gbà. Tiwaladé rìn bá a, ó sì ń tẹ̀ lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ láìbi í léèrè ohunkóhun.

"Ibí ni," ó ní nígbà tó yá, ó sì fi ẹsẹ̀ fa ilà kan sínú koríko. "Ká bẹ̀rẹ̀ láti ibí."